Ìgbà Tí Marlin Jọ̀wọ́ Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, bí ẹ bá ti wo eré sinimá Finding Nemo pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, a fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: ìgbà wo gan-an ni bàbá inú eré náà jọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé ní ìparí ni, nígbà tí ọmọ ń lọ sí ilé ìwé. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ Pixar ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé eré náà jáde. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya àwòrán rẹ̀. Andrew Stanton ni ó darí rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2004. Ẹja ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ibùgbé wọn sì ni òkìtì iyùn ńlá tí ó wà nínú òkun lẹ́bàá ilẹ̀ Ọsirélíà. Marlin àti aya rẹ̀ Coral ń ṣọ́ ẹyin tí ó ju 400 lọ nígbà tí ẹja kúta kan dé bá wọn. Kí Marlin tó jí láti inú dídákú rẹ̀, aya ti lọ, ẹyin ti lọ, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ó gbé e mọ́ra, ó sì ṣèlérí pé òun kì yóò jẹ́ kí ohunkóhun ṣe é láé. Ọmọ náà ni Nemo, tí lẹbẹ rẹ̀ kan kéré ju èkejì lọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a pe Marlin ní ojo, bí àwọn kan ti ń ṣe. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá ti sin ọmọ púpọ̀ a máa sọ èyí tí ó kù ní Dúrójayé tàbí Málọmọ́, a kì í sì í fi í ṣe ẹlẹ́yà bí ó bá ń dìde lóru láti gbọ́ bóyá ọmọ náà ń mí. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Ohun tí ó burú ni pé ó di ohùn kan ṣoṣo tí Nemo ń gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ìwé, Marlin tẹ̀lé e, ó sì sọ fún un lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ohun tí ó rò pé òun lè ṣe, kò lè ṣe é. Inú bí ọmọ, ó lúwẹ̀ẹ́ jáde lọ sí ìdí ọkọ̀ kan lójú agbami. Ibẹ̀ ni oníṣègùn eyín kan tí ó ń mòòkùn ti mú un lọ sí ìlú Sydney, tí ó fi í sínú àpótí gíláàsì.

Ìrìn àjò tí Marlin rìn láti wá a, òun àti Dory tí kì í rántí nǹkan, a kò ní tún un sọ. (Àwọn ọmọ wa rẹ́rìn-ín Dory títí omi fi bọ́ lójú wọn.) Ṣùgbọ́n nínú ẹnu àbùùbùtán, bí ìgbà ti Jónà, Marlin ń dárò ìlérí rẹ̀, Dory sì dá a lóhùn pé ìlérí àrà ni: bí ohunkóhun kò bá ṣe ọmọ náà láé, a jẹ́ pé kò ní sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà kí àkọ́bí wa obìnrin lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú tí ó jìnnà sí wa, ìyá àti bàbá sì ń jiyàn bóyá kí ó gbé lọ́dọ̀ ìbátan wa, tàbí kí ó gbé nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Nínú àpótí gíláàsì, Gill, ẹja àgbà tí lẹbẹ tirẹ̀ náà ti bàjẹ́, rán Nemo pé kí ó fi òkúta kékeré dá ẹ̀rọ tí ń fọ omi dúró. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ òfú kan mú ìròyìn wá pé bàbá rẹ̀ ń la òkun kọjá bọ̀ nítorí rẹ̀. Nemo kò dúró gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé òkúta, ó wọlé, ó sì dá ẹ̀rọ náà dúró. Gbogbo ìkìlọ̀ Marlin kò fún ọmọ yìí ní ìgboyà tó bí ìròyìn kan ṣoṣo yẹn.

Bàbá àti ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ara wọn ni àwọ̀n apẹja kó Dory mọ́ ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn. Nemo kéré tó láti gba ojú àwọ̀n wọlé, ó sì mọ ohun tí a lè ṣe: kí gbogbo wọn lúwẹ̀ẹ́ sí ìsàlẹ̀ pọ̀. Marlin ní òun kì yóò tún pàdánù rẹ̀. Nemo ní òun lè ṣe é. Marlin wò ó, ó sì gbà pé ó lè ṣe é. Ibẹ̀ ni ó ti jọ̀wọ́ rẹ̀, lójú tiwa: kì í ṣe ní ọjọ́ tí omi tòrò, bí kò ṣe nígbà tí àwọ̀n ń gòkè lọ. Eré náà kò sì tàn wá pé kò léwu, nítorí nígbà tí àwọ̀n já, ọmọ náà dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láì mira fún ìgbà díẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a pe ọmọbìnrin wa, a bi í léèrè ibi tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ gbé. Èsì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí a tó bi í tán. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wà báyìí. Bí fóònù kò bá sì dún ní alẹ́, ọ̀kan nínú wa a máa wo aago, èkejì a sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní ti òwúrọ̀ ilé ìwé tí ó wà ní ìparí eré náà, Marlin ni ó ń kán Nemo lójú pé kí ó má baà pẹ́. Nemo ti ń lọ kí ó tó padà wá dì mọ́ bàbá rẹ̀. Marlin náà dì mọ́ ọn, ó sì pẹ́ díẹ̀, títí ọmọ fi rọra sọ fún un pé ó lè fi òun sílẹ̀ wàyí.