Ìbọn Dára, Ọta Rẹ̀ Dà?

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní í fún ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ìyà ọdẹ kì í ṣe ti inú igbó nìkan. Òmíràn wà tó ń bá a nínú ilé, lórí àga, pẹ̀lú owó lọ́wọ́: kí ni kó fi owó náà rà? Ọ̀rọ̀ yìí ló gba oorun lójú ọdẹ kan lágbègbè Ṣakí fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọdẹ nìkan kọ́.

Bàbá Ìbejì ni àwọn ará àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Ó ń dáko, ó sì ń ṣọdẹ. Shakabùlà ló ti ń lò láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni tó bá mọ shakabùlà mọ̀ pé ìbọn sùúrù ni. Ọdẹ ní láti da ẹ̀tù sí i, kó ki ọta, kó fi ọ̀pá gún un, kó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá tàsé, ọ̀yà ti dé oko ẹlòmíràn kó tó tún un kì. Bí òjò bá sì ká a mọ́ igbó, tí ẹ̀tù tutù, ó di kó máa gbé ìbọn kiri bí ẹni gbé ọ̀pá.

Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yìí fi dá àjọ fún ọdún méjì gbáko, kó lè ra ìbọn ẹlẹ́nu méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì. Òun nìkan kọ́ ló dá a. Bí a bá pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀nà kan jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, tó ń ta èlùbọ́.

Owó àjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ wọn ni ọ̀gá tó kọ́ Bàbá Ìbejì níṣẹ́ ọdẹ jáde láyé. Àwọn ọdẹ péjọ, wọ́n ṣe ìrèmọ̀jé fún un títí ilẹ̀ fi mọ́. Lẹ́yìn tí èrò túká, opó ọ̀gá pe Bàbá Ìbejì wọ yàrá. Ó fa nǹkan kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú aṣọ ara rẹ̀.

“Ọmọ mi, ìwọ ni ọ̀gá rẹ fẹ́ràn jù. Ìbọn rẹ̀ nìyí. N kò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀. Gbèsè ìsìnkú ń bẹ nílẹ̀, owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn wa náà ń bẹ níbẹ̀. Mú ohun tí o bá ní wá, kí o máa gbé e lọ.”

Iye tí màmá náà fẹnu bà kò tó ìdajì owó ìbọn tuntun. Ìbọn náà sì rẹwà! Saint-Étienne ni wọ́n ti rọ ọ́, ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ti ń rọ ìbọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gá rà á nígbà tó ń ṣòwò ní Dàhòmì, kí wọ́n tó sọ orúkọ ibẹ̀ di Benin ní ọdún 1975. Irin rẹ̀ kò dípẹtà, igi ìdí rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró pa á, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ojú Bàbá Ìbejì wọ̀ ọ́. Ó kù díẹ̀ kó kówó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àfi ìgbà tó yí abẹ́ ìbọn sókè, tó rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i: 16.

NỌ́ŃBÀ TÓ DÁ WÀHÁLÀ SÍLẸ̀

Oní-12 ni ìbọn tí ọ̀pọ̀ ọdẹ tó gba láísẹ́nsì ń lò nílẹ̀ wa. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé 16 tóbi ju 12 lọ. Rárá o! Bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà yìí nìyí: ẹ mú òjé tó wọn pọ́n-ùn kan, ẹ pín in sí ọ̀nà 12 ọgbọọgba, kí ẹ rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní róbótó. Róbótó kan ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹnu ìbọn oní-12. Bí ẹ bá pín pọ́n-ùn kan náà sí 16, róbótó kọ̀ọ̀kan á kéré sí i, òun ló sì bá ẹnu ìbọn oní-16 mu. Ṣebí bí alákàrà bá fi ẹ̀wà igbá kan náà dín àkàrà tó pọ̀ sí i, àkàrà náà ni yóò kéré? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹnu ìbọn oní-12 fẹ̀ tó mílímítà 18.5, ti oní-16 jẹ́ 16.8. Ọta ọ̀kan kò ṣe é lò nínú èkejì.

Kì í ṣe pé oní-16 kò dára. Láyé àtijọ́, àwọn ọdẹ ilẹ̀ Faransé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kì í wúwo lọ́rùn, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ gbá ọdẹ léjìká. Òjé tó máa ń wà nínú ọta rẹ̀ tó gíráàmù 28, èyí tó tó pa ọ̀yà, tó pa ehoro, tó sì pa ẹtu. Ìbọn kò lẹ́ṣẹ̀. Ọjà ló lẹ́ṣẹ̀.

Bàbá Ìbejì wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ láti ta ọta. Ó béèrè oní-16. Ẹ̀rín pa oníṣọ́ọ̀bù. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n má tàn yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ́ oní-12, páálí mélòó lẹ fẹ́?”

Ó padà sílé, ó ka ọta tí ọ̀gá fi sílẹ̀. Mọ́kànlá ni. Ara wọn jẹ́ páálí, kì í ṣe rọ́bà bíi ti òde òní, ọ̀rinrin sì ti wọ mẹ́rin nínú wọn. Wọ́n wú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò wọnú ìbọn mọ́. Ó ku méje. Lọ́sẹ̀ tí igbó bá dára, ọdẹ yìí ń yìn tó ìbọn mẹ́rin. Ẹ bá a ṣírò rẹ̀: ìbọn tí yóò lò kò ní í pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ebi ọta yóò fi pa á!

Báwo ni ọ̀gá ṣe ń rí tirẹ̀? Ó ní ẹnì kan tó ń bá a mú un wá láti òdìkejì bọ́dà. Ẹni náà ti ṣáájú ọ̀gá lọ sọ́run. Bó bá sì wà láàyè pàápàá, ẹni tó bá kó ọta ìbọn kọjá bọ́dà láìgba ìwé àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ló ń wá.

Ọdẹ ilẹ̀ wa nìkan kọ́ ni irú èyí ti bá rí. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ Kynoch nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáwọ́ dúró nínú ṣíṣe àwọn ọta ńláńlá tí àwọn ọdẹ erin ń lò ní Kenya àti Tanzania. Àwọn òyìnbó tó fi owó gọbọi ra ráìfù wá di ẹni tó ń ka ọta tó kù sínú àpótí bí ẹni ka owó ìkẹyìn. Ìbọn wà, agbára wà, ṣùgbọ́n oúnjẹ ìbọn kò sí.

ỌGBỌ́N TÍ KÒ ṢE É LÒ

Ẹ mọ ilé ayé, bí ọ̀rọ̀ bá ti délẹ̀, olùdámọ̀ràn kì í wọ́n. Ọdẹ kan ní kó ra ọta oní-20 tó kéré jù, kó fi aṣọ wé e kó lè há. Háà! Ṣé ẹni tó nífẹ̀ẹ́ èèyàn ló ń sọ irú èyí? Ọta tó kéré ju ìbọn lọ lè bẹ́ ní ẹ̀gbẹ́. Ó sì lè yọ̀ wọ inú ọ̀pá ìbọn, kó há síbẹ̀. Bí ọdẹ bá gbàgbé, tó tún ki òmíràn sẹ́yìn rẹ̀, tó fa apátí, ìbọn á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka lè lọ, ojú lè lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń kun ọta oní-20 ní yẹ́lò, kí ọdẹ má baà ṣì í mú mọ́ ti oní-12. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?

Ẹlòmíràn ní kó gbé e fún alágbẹ̀dẹ, kó lu ihò rẹ̀ fẹ̀ sí i kó di oní-12. Alágbẹ̀dẹ náà mọṣẹ́. Ó wo ẹnu ìbọn, ó mi orí. “Bàbá Ìbejì, kí ihò yìí tó fẹ̀ tó ti oní-12, mo máa há irin kúrò yíká, ó máa sún mọ́ mílímítà kan. Ẹ wo bí irin yìí ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ lápá iwájú. Kí ló máa wá ṣẹ́kù? N kò ní í gba owó yín kí n fi ra ẹ̀jẹ̀ yín.”

Alágbẹ̀dẹ tún ṣàlàyé ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọdẹ kò mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn oní-16 ti ilẹ̀ Faransé láyé àtijọ́, mílímítà 65 ni gígùn ibi tí ọta ń wọ̀. Púpọ̀ nínú oní-16 tí wọ́n ń ṣe lóde òní jẹ́ 70. Yóò wọlé o, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yìn ín, ẹnu ọta kò ní àyè tó láti ṣí, agbára iná á pọ̀ ju èyí tí irin lè gbà. Bí Bàbá Ìbejì bá tilẹ̀ wá rí oní-16 rà níbì kan, ó ṣì ní láti fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Ẹ bi télọ̀ léèrè ìdí tó fi ń ra Singer tàbí Butterfly. Yóò ní torí pé bí abẹ́rẹ́ bá kán lálẹ́ ọjọ́ ọdún, kò ní í ṣòro fún ọmọ iṣẹ́ láti rí òmíràn rà. Máṣíìnì tó lẹ́wà jù ú lọ lè wà, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí kò sí nílùú, tábìlì lásán ni.

Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ ÌBEJÌ

Gbogbo èyí ni Bàbá Ìbejì mọ̀, síbẹ̀ kò lè sọ pé òun kò rà. Ọ̀gá ló kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró tí afẹ́fẹ́ kò fi ní í gbé òórùn èèyàn sí ẹran nímú. Ọ̀gá ló kọ́ ọ láti mọ ipasẹ̀ ìgalà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Lójú rẹ̀, bó bá kọ ìbọn yìí, ó dà bí ẹni pé ó kọ ọ̀gá. Ó ń ji lóru, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni ìyàwó rẹ̀ bá a níbẹ̀. “Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, ṣé ìbọn lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹkún ọ̀gá lẹ fẹ́ sun?”

Kò fèsì. Obìnrin náà jókòó tì í.

“Bí oníbàárà mi bá ṣọ̀fọ̀, mo máa wọn èlùbọ́ fún un, n ò ní í gba kọ́bọ̀. Àánú nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kì í ra ọjà tí n kò lè tà lọ́wọ́ ẹ̀, kí n wá máa pè é ní àánú. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjà á bàjẹ́ sí mi lọ́rùn, inú á máa bí mi sí i, ìfẹ́ á wá dìjà. Ohun tí ẹ bá jẹ ọ̀gá yín, ẹ san án fún ilé ọ̀gá yín, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Owó ìbọn, ẹ fi ra ìbọn. Owó èlùbọ́ mi wà nínú ẹ̀ o.”

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ bá opó. Bàbá Ìbejì dọ̀bálẹ̀, ó sọ ohun gbogbo: ti oníṣọ́ọ̀bù, ti ọta mẹ́rin tó wú, ti alágbẹ̀dẹ. Màmá kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ṣé torí pé ọ̀gá rẹ ti kú ni?” Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí dé egungun. Kò jiyàn. Ó gbé àpò ìwé kan sílẹ̀: owó ilé-ìwé ọmọ fún odindi ọdún kan. “Màmá, èyí kì í ṣe owó ọjà, kì í sì í ṣe yíyá. Ti ọ̀gá mi ni.”

Ó tún sọ èyí tó wúwo jù. Orúkọ olóògbé ló wà lórí láísẹ́nsì. Lábẹ́ òfin ìbọn ti ọdún 1959, ẹni tí kò gba láísẹ́nsì kò gbọ́dọ̀ fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ pamọ́ sílé, ìbáà jẹ́ ìyàwó, ìbáà jẹ́ ọmọ. Ìbọn abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn lè gbé màmá dé kóòtù. Òun àti àkọ́bí ọ̀gá ni wọ́n jọ gbé e lọ sí tésàn ọlọ́pàá, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀.

Owó tó kù kò tó ra oní-12 mọ́. Bàbá Ìbejì tún gba káàdì àjọ tuntun, ó sì gbé shakabùlà rẹ̀ padà wọ igbó. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun. Kò dá wọn lóhùn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, opó ọ̀gá rán àbíkẹ́yìn rẹ̀ wá, ó gbé apò ọdẹ olóògbé lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n sọ fún Bàbá Ìbejì pé èyí kò ní í bi í léèrè ọta.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra irinṣẹ́, ìbáà ṣe ìbọn, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìlọta, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ta ohun tó ń jẹ. Ẹ béèrè ẹni tó lè tún un ṣe. Bó bá sì jẹ́ àánú ẹni tó ń tà á ló ń ṣe yín, ẹ fún un lówó, kí ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀.