Ilẹ̀ Ni Í Yan Róólà

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà kò tíì dá tí fóònù mi fi dún. Bàbá tí mo to ìńtálọ́ọ̀kì sí àgbàlá rẹ̀ ní Àkóbọ̀, nílùú Ìbàdàn, ni. Bàbá kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Mo débẹ̀, mo bá omi tó dágún sí ojú ibi tí táyà mọ́tò ń gbà. Ojú mi kò gbà á, ṣùgbọ́n ọkàn mi mọ ohun tí mo ṣe. Iyẹ̀pẹ̀ pupa tí a fi gbé àgbàlá náà sókè tó 45 sẹ̀ńtímítà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kọ́ńpákítọ̀ kékeré alábẹ́ pẹlẹbẹ, tí kò wúwo tó 100 kílò, la fi tẹ̀ ẹ́. Òkè le bí àpáta, ìsàlẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Owó àpò mi ni mo fi tú u tí mo fi tún un tò.

Àdánù yẹn ló lé mi lọ sí Èkó lọ wá róólà tí yóò jẹ́ tèmi: oníjìgìjìgì, alágbàá irin méjì, èyí tí èèyàn kì í jókòó lé, tí à ń rìn tẹ̀ lé lẹ́yìn. Ẹni tó ń ta tókunbọ̀ mú mi lọ sídìí èyí tó tóbi jù. "Ọ̀gá, èyí ló wúwo jù, òun ni kí ẹ gbé!" Mo ti ń na ọwọ́ sí àpò nígbà tí fómàànù mi, àgbàlagbà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bi mí pé, "Ibo lẹ fẹ́ máa lò ó?"

Ìbéèrè náà dá mi dúró. Àgbàlá ilé àti ojú ọ̀nà ẹ̀sítéètì ni iṣẹ́ mi. Àárín ògiri àti sókàwéè kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀. Róólà tí àgbá rẹ̀ fẹ̀ tó 65 sẹ̀ńtímítà, tó wúwo tó 600 sí 700 kílò, yóò kọjá níbẹ̀, èyí tó tóbi jù yóò sì máa wò wá láti ẹnu géètì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwúwo nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Irin kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí ìwúwo rẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá ti ń yí kíákíá, ó ń mú kí àgbá máa lu ilẹ̀ lemọ́lemọ́, kí iyẹ̀pẹ̀ máa wọnú ara wọn. Àgbá dídán yìí dára fún yanrìn, iyẹ̀pẹ̀ pupa àti ọ̀dà. Torí ọ̀dà ló fi ní táńkì omi, kí ọ̀dà má baà lẹ̀ mọ́ irin. Ṣùgbọ́n amọ̀ tó ń fà bí iyán, alágbàá oníkókó ló ń pò ó.

Fómàànù bẹ̀rẹ̀ sídìí ọ̀kan tó kéré, ó wo rọ́bà tó wà láàárín àgbá àti férémù. Bó bá ti sán, ọwọ́ ẹni tó ń wà á ni jìgìjìgì náà yóò máa bọ́ sí, ìka rẹ̀ yóò sì máa kú tìpìrì. Ó tan ẹ́ńjìnì, ó wà á padà sẹ́yìn, ó sì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ lójijì. Ẹ̀rọ dúró gbọnin. Ó ní èyí tí kò bá dúró bẹ́ẹ̀ lè fún èèyàn mọ́ ògiri. Èyí tó kéré yẹn la gbé lọ.

Síbẹ̀, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, eruku ló ń sọ. A lọ, a bọ̀, ilẹ̀ kò dì. Ìgbà náà ni mo rántí ìyá mi àgbà. Bí wọ́n bá fẹ́ lu ilẹ̀ yàrá, wọn yóò wọ́n omi sí i, wọn yóò ní sùúrù, wọn yóò bu iyẹ̀pẹ̀ fún mọ́wọ́. Bó bá dì mọ́ra tí kò sì rin ọwọ́ wọn, wọn yóò mú igi ìlulẹ̀. Ní 1933, Ralph Proctor, ẹnjiníà ìsédò ní California, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ̀n omi kan wà tí iyẹ̀pẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń dì jù; bó bá dín tàbí tó lé, lílù kò ràn án. Ìyá mi àgbà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ní báyìí, ìpele 15 sẹ̀ńtímítà là ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó tan ẹ́ńjìnì, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀, n ó fún un, n ó sì tẹjú mọ́ ọn. Àwọn lébìrà tuntun máa ń rò pé àdúrà ni mò ń gbà.