Iṣẹ́ Ńlá Ni Ìdúró

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ìwà ni wọ́n fi òwe náà sọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìṣubú gan-an ló ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá gbọ́ ọ. Àgbà kan yọ̀ ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, kò sì dìde mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ta ni kò mọ irú rẹ̀ ládùúgbò rẹ̀? A ó ní ogbó ló fà á. Èmi kò gbà. Ìṣubú kì í ṣàìnídìí, púpọ̀ nínú ìdí náà ló sì ní àtúnṣe.

Ẹ bọ́ bàtà, ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì di ojú níwájú ẹni tó lè gbá yín mú. Ẹ ó rí i pé ara ń mì díẹ̀díẹ̀, tí iṣan ọrùn ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti dá a padà. Orúkọ Moritz Romberg, dókítà kan ní ìlú Berlin ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n fi ń pe àyẹ̀wò yìí, àwọn dókítà sì ń lò ó dòní. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọpọlọ fi ń mọ bí ara ṣe dúró: ojú, inú etí lọ́hùn-ún, àti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú iṣan àti oríkèé. Bí a bá di ojú, méjì ló kù. Ẹni tí ọ̀kan nínú méjì yẹn kò bá gbé pé fún yóò máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n.

Etí tí a rò pé ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbọ́ ní iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Ọ̀nà tóóró mẹ́ta tó tẹ̀ róbótó wà nínú etí kọ̀ọ̀kan, omi sì kún wọn. Bí orí bá yí, omi náà a ti irun tín-ín-rín tó wà níbẹ̀, ìròyìn a sì dé ọpọlọ. Bí ẹni tó ru garawa omi bá dúró lójijì, omi inú garawa kì í bá a dúró. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé tó ń yí bírí-bírí fi lè dúró, kí ilé àti igi ṣì máa yí lójú rẹ̀. Etí ló tún ń di ojú mú. Ẹ na ìka kan síwájú, kí ẹ máa mi orí kíákíá: ìka náà á hàn ketekete. Ẹ wá dá orí dúró, kí ẹ mi ìka náà bẹ́ẹ̀: á di bàìbàì. Bí orí bá yí sọ́tùn-ún, etí á ti sọ fún ojú pé kó yí sósì.

Robert Bárány, dókítà etí ní ìlú Vienna, ló rí i pé bí òun bá fi omi tútù fọ etí aláìsàn, òòyì a kọ́ ọ, ẹyinjú rẹ̀ a máa sá sí apá kan. Bí omi náà bá gbóná, a sá sí apá kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ etí yìí wò. Ó wà ní ìgbèkùn ogun ní Rọ́ṣíà nígbà tí wọ́n kéde pé òun ló gba Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914.

Nígbà tí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìyá mi, àfi bí wọ́n bá yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àjà ilé a yí, wọn a di bẹ́ẹ̀dì mú, wọn a ké "Mo gbé o!" Kò ní pé ìṣẹ́jú kan tí á fi lọ. Àwọn kan ní ibà ni, àwọn mìíràn ní ayé ni. Dókítà etí gbé wọn jókòó, ó yí orí wọn sọ́tùn-ún, ó dá wọn dùbúlẹ̀ kíá, ó sì tẹjú mọ́ ẹyinjú wọn. Mo rí i tí ẹyinjú ìyá mi ń yí fúnra rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú etí gbogbo wa, ohun tí ìkarahun ìgbín fi le náà ni wọ́n fi ṣe é. Òun ló ń jẹ́ kí a mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, díẹ̀ lè já bọ́ sínú àwọn ọ̀nà olómi yẹn, ọpọlọ a sì gbà pé orí ń yí. Dókítà náà yí orí wọn láti ìhà kan sí èkejì, ó ń dúró díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, kí òkúta náà lè yí padà síbi tó yẹ. John Epley, dókítà ará Portland ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìtọ́jú yìí kalẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn. Ìyá mi dìde, wọ́n ní, "Ó tán náà nìyẹn?"

Kì í ṣe gbogbo òòyì ló rọrùn bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí àwọn kan ń lọ gún ní kẹ́míìsì láìsí àyẹ̀wò lè pa irun inú etí, irun náà kì í sì í hù padà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí ojú ṣókùnkùn bí ènìyàn bá fò dìde. Ẹ wá ro àgbà tí àtọ̀gbẹ ti pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tó dìde lóru láti lọ tọ̀ nígbà tí wọ́n ti mú iná lọ. Kí ló kù tí ọpọlọ rẹ̀ fẹ́ dì mú?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi òòyì àwọn òbí yín ṣe ọ̀rọ̀ ogbó. Ẹ mú wọn lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání. Bí òòyì bá dé pẹ̀lú ahọ́n tó ń lọ́, ẹnu tó wọ́ tàbí apá tó kú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, torí ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ìbèrí wọn, ẹ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀. Owó irin náà kò tó owó egungun ìbàdí.