Ọta Wọ Ìbọn, Ṣùgbọ́n Kì í Ṣe Ọta Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ ń ta bàtà, ẹ̀yin kúkú mọ orúkọ Ítálì dáadáa. Ìbọn Ítálì ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já o, n kò ní ìbọn nílé. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń wù mí láti ìgbà tí mo ti ka ìwé mẹ́wàá tán.

Àfonífojì kan wà lápá àríwá Ítálì, nítòsí ìlú Brescia, Val Trompia lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ìbọn ni wọ́n mọ ibẹ̀ mọ́ láti ayébáyé. Ìdílé Beretta tó wà níbẹ̀ ta ọ̀pá ìbọn 185 fún ìjọba Venice lọ́dún 1526, wọ́n sì tún ń ṣe ìbọn títí dòní. Ẹ gbà mí, irú ìdílé wo nìyẹn!

Ṣùgbọ́n ti Glisenti ló gbà mí lọ́kàn. Ìbọn ìléwọ́ tí àwọn ṣọ́jà Ítálì ń lò látọdún 1889, ọta mẹ́fà ló ń gbé nínú àgbá kékeré kan tó ń yí. Wọ́n wá fẹ́ èyí tó ń ki ara rẹ̀. Bí ó bá ti dún, agbára ẹ̀tù á ti irin sẹ́yìn, irin á ju páálí ọta tó ti yìn nù, sípíríǹgì á dá irin padà, irin á sì gbé ọta mìíràn láti inú ìdìmú. Ọ̀gá ṣọ́jà kan tó ń jẹ́ Revelli ló gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, ìjọba sì gbà á lọ́dún 1910. Ọta méje ni ó ń gbà.

Ibi tó ti yàtọ̀ rèé. Sìkúrù kan wà níwájú rẹ̀. Ẹ tú u, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì ìbọn á ṣí, bí ẹ̀yin télọ̀ ṣe ń ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì yín. Ó dára fún nínù, àbí? Àmọ́ ìdérí lásán kì í ṣe egungun. Apá òsì ìbọn kò ní agbára bíi ti ọ̀tún, bí wọ́n bá sì ń yìn ín lemọ́lemọ́, ìdérí náà á máa mì. Nítorí náà ni ẹ̀tù inú ọta rẹ̀ fi kéré.

Wàhálà ńlá wá nìyí. Ọta àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń pè ní Parabellum gùn tó o, ó sì sanra tó o. Ó wọ inú Glisenti wẹ́kú! Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tirẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ìbọn yẹn lè gbà lọ, ó sì lè ba ìbọn jẹ́ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ mẹkáníìkì máa ń sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé, "Ó wọ̀ ọ́, kì í ṣe pé ó bá a mu." Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ́ mọ́tò kan dé. Bóòtù tí ẹnì kan rà lówó pọ́ọ́kú ló já lójú títì, bẹ́ẹ̀ ó wọ ihò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọlọ́run ló yọ awakọ̀ náà.

Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní May 1915, Glisenti ṣòro ṣe kíákíá. Marengoni, ọmọ iṣẹ́ Beretta, gbé èyí tó rọrùn jáde lọ́dún náà: kò sí àgádágodo kankan nínú rẹ̀, ìwúwo irin àti sípíríǹgì nìkan ló ń di ẹ̀yìn ọta mú. Ọta Glisenti kan náà ló ṣì ń jẹ. Ti 1934 ló wá gba ọta kúkúrú tí ojú lásán mọ̀ yàtọ̀.

Lónìí, ọwọ́ àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ni Glisenti wà. Ọta Jámánì yẹn ló sì kún ọjà ìbọn láyé báyìí, wọ́n ń kìlọ̀ fún ara wọn kí wọ́n má ṣe kì í sí i. Ẹ̀yin oníṣẹ́ irin, èwo ló wọ̀ lọ́wọ́ yín rí tí kò bá a mu? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.