Bí Mo Ti Rí Ọ̀rẹ́ ní Abẹ́òkúta

Ẹni tí a bá rán lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni ni ó mọ bí ilẹ̀ ti ń pẹ́ kí ó tó mọ́. Nígbà tí a pín wa káàkiri fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni, Abẹ́òkúta ni ó kàn mí. Èkìtì ni a bí mi sí, n kò sì dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá rí. Ní ọ̀sán, àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í jẹ́ kí n rántí ara mi. Ṣùgbọ́n bí agogo ìparí bá ti lù, tí mo sì padà sí yàrá mi, èmi nìkan ni mo ń jókòó tí mo ń wo Àpáta Olúmọ láti ojú fèrèsé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sunkún.

Olùkọ́bìnrin àgbà kan ní ilé ẹ̀kọ́ náà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kíyè sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, a kì í jókòó sí yàrá kí ọ̀rẹ́ wá bá ni. Àwọn obìnrin kan ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjìméjì, kí wọ́n lè mọ ara wọn. Lọ síbẹ̀."

Mo lọ aṣọ mi dáradára, mo sì lọ. Agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì àti oníṣòwò ńlá kò gbẹ́yìn. "Níbo ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́?" ni ọ̀rọ̀ tí ó ń tẹ̀lé ìkíni. Bí mo bá ti dáhùn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn a fò kọjá èjìká mi láti wá ẹlòmíràn. Mo gba nọ́ńbà fóònù obìnrin mọ́kànlá. Mo kí gbogbo wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn mẹ́ta ni ó dáhùn, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí pé ta ni mí.

Ìgbà kejì kò sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin kan wà tí ó ń pàtẹ adìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ní ìgbà méjèèjì ni ó kí mi pé, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀." Mo dáhùn, mo sì kọjá, nítorí n kò wá ra aṣọ.

Ní ìgbà kẹta, òjò ńlá rọ̀ bí ìpàdé ti tú. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kó gbogbo àwọn tí mo ń lé kiri lọ. Ó ku èmi àti aládìrẹ náà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ dúró kí òjò dá. Ẹ bá mi di etí aṣọ yìí mú." A jọ ń ká aṣọ, a jọ ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Àwọn oníbàárà mi a máa kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Ọmọ mi ni ó ń kà á fún mi, ó sì ti lọ sí Èkó. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ́kọ́ dé ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ mi, ṣùgbọ́n ojú yín kò wálẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ohun tí ó dùn mí lọ́dọ̀ àwọn obìnrin mọ́kànlá nì, òun gan-an ni èmi náà ṣe sí ẹni kan ṣoṣo tí ó yà sí mi. Òtítọ́ ni àwọn àgbà sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Láti ọ̀sẹ̀ náà, mo ń lọ sí ọjà Ìtòkú ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ gbogbo. Mo ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà, òun náà ń kọ́ mi ní iṣẹ́ rẹ̀: oníko ni èyí tí a fi ìko dì, alábẹ́rẹ́ ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán, ẹlẹ́kọ ni èyí tí a fi ìyẹ́ adìẹ kun ẹ̀kọ láfún sí lára, kí aró má bàa mú ibẹ̀. Àwọn tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ orúkọ mi. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, mẹ́rin nínú wọn gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá bá mi nílé.

Nígbà tí Màmá gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún mi pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ìlú náà. Ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, dá sílẹ̀, ti àwọn ìyáàfin tí ó kàwé ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1944, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìnira àwọn obìnrin wọ̀nyí. Ní 1946 wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Gbogbo wọn ni ó jọ tako owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, kí ó tó padà ní 1950.

N kò bẹnu àtẹ́ lu ìpàdé Sátidé; níbẹ̀ náà ni mo ti rí ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, ìdí àtẹ adìrẹ ni mo jókòó sí. Nọ́ọ̀sì kan, ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá, wá yẹ aṣọ wò. Mo ṣàlàyé ẹlẹ́kọ fún un, a sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yin tí a óò rán jáde ní sáà tí ń bọ̀, ẹ rántí Rúùtù ará Móábù. Kò dúró ní ẹnu ibodè Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kí a lè mọ̀ ọ́n. Oko ni ó lọ, ó ń pèéṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin Bóásì. Ẹ lọ sí ìpàdé, ṣùgbọ́n ẹ wá iṣẹ́ tí ọwọ́ yín lè bá ẹlòmíràn ṣe níbẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ dá ẹni tí ó kí yín lẹ́nu ọ̀nà lóhùn dáradára.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo padà dé, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù mi, láìsí àmì, lẹ́tà kan sì sọnù nínú rẹ̀. Ó ń bèèrè bóyá mo délé ní àlàáfíà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́.