Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ilé-ìwé bí tiyín, mo mọ òwe yìí lórí, mo sì lè pa á níwájú olùkọ́ mi láìkólòlò. Ṣùgbọ́n ọdún 2008 ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, nígbà tí mo ti di ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú, tí ewú sì ti ń yọ lórí mi. Ìtàn náà kò bu iyì kún mi, síbẹ̀ mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín bí ó ti rí, nítorí ọgbọ́n tí a fi owó rà kò yẹ kí ó bá ẹni tí ó rà á wọ ilẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní ìpín ìdókòwò. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń wá owó tí yóò fi gbòòrò, ó lè pín ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ó sì ta ìpín náà fún aráàlú. Ẹni tí ó rà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà. Bí èrè bá wà, yóò jẹ níbẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́, ó lè ta ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíràn ní ọjà tí a dá sílẹ̀ fún un. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti ń ná ní Èkó láti ọdún 1961. Òwò gidi ni. Ibi tí ewu wà ni pé iye tí a ń ta ìpín lè fò ju ohun tí ilé-iṣẹ́ náà tó lọ, bí iye ata ti ń fò ní ọjà nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la.

Ní ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa pàṣẹ pé kí ilé ìfowópamọ́ kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ tí kò dín ní bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Àwọn 89 tí ó wà tẹ́lẹ̀ di 25. Kí wọ́n lè rí owó yìí, púpọ̀ nínú wọn ta ìpín fún aráàlú. Iye rẹ̀ ń gòkè. Ẹni tí ó rà lánàá ń yọ̀ lónìí. Ní Benson, níbi tí mo ń gbé, a kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ọlọ́kadà ń sọ ọ́, aránṣọ ń sọ ọ́. Àwa olùkọ́ pàápàá ń wo iye ìpín nínú ìwé ìròyìn kí a tó pe orúkọ àwọn ọmọ.

Ní ìgbà náà, mo ń kọ́ ilé kan, ó sì ti dé ojú fèrèsé. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ láti fi parí rẹ̀. Dípò kí n ra búlọ́ọ̀kù, mo ra ìpín. Mo ní kí owó náà lọ bímọ wá ná. Bíríkìlà mi wò mí, ó ní, “Ọ̀gá tíṣà, owó tí ẹ fi ra búlọ́ọ̀kù, mo rí i. Ti inú ìwé yìí, n kò rí i o.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àìkàwé ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àbúrò mi obìnrin. Opó ni, ẹja ni ó ń rà ní Ẹ̀pẹ́, tí ó ń yan, tí ó sì ń tà. Ó kó owó òwò rẹ̀ wá bá mi, ó béèrè pé, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé kò léwu?” Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ogún ọdún ó lé, mo dá a lóhùn pé, “Fọkàn balẹ̀.”

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ọjà ìpín ti rí gòkè dé 66,371, ibi tí kò dé rí. Láti ìgbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, Lehman Brothers, ilé ìfowópamọ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wó. Ìbẹ̀rù gba ayé kan. Àwọn àjèjì ń ta ìpín tí wọ́n ní lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ń kó owó wọn lọ. Àgbá epo rọ̀bì tí iye rẹ̀ ju 140 dọ́là lọ ní oṣù keje kò tó 50 dọ́là mọ́ nígbà tí ọdún parí. Òṣùwọ̀n ọjà náà sì ti já sí nǹkan bí 31,450. Ẹni tí ó ní náírà méjì níbẹ̀, ọ̀kan kò pé lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Gbèsè ni ó sọ ìṣubú náà di àjálù. Àwọn ilé ìfowópamọ́ ti yá àwọn alágbàtà àti aráàlú lówó láti ra ìpín, ìpín náà gan-an ni a sì fi ṣe ìdúró. Nígbà tí ìpín di yẹpẹrẹ, gbèsè kò di yẹpẹrẹ. Ilé ìfowópamọ́ kò rí owó gbà padà, kò sì fẹ́ yá ẹlòmíràn mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ márùn-ún, ó sì kó bílíọ̀nù 420 náírà sínú ilé ìfowópamọ́ wọn kí wọ́n má baà wó.

Ẹ lè béèrè pé, kí ni ó kan ẹni tí kò ra ìpín? Ẹ gbọ́. Ilé mi dúró sí ojú fèrèsé. Bíríkìlà kò rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kò sì rí i lọ́dọ̀ àwọn mìíràn tí owó wọn ti rì bí tèmi. Bí bíríkìlà kò bá ṣiṣẹ́, ẹni tí ń mọ búlọ́ọ̀kù kò ní tà. Awakọ̀ tí ń kó yanrìn kò ní rí ẹrù. Ìyá olóúnjẹ tí ń gbé ìrẹsì lọ bá wọn ní ìdí iṣẹ́ yóò ru ìkòkò rẹ̀ padà sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láyé àtijọ́. Nígbà tí ọjà ìpín New York ṣubú ní oṣù kẹwàá ọdún 1929, kò pẹ́ tí iye kòkó àti epo tí àwọn bàbá wa ń tà fún òyìnbó fi já wálẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò mọ ibi tí New York wà bá wọn jẹ nínú ìyà náà.

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ kíláàsì karùn-ún sọ fún mi pé ọmọ bíríkìlà náà kò wá sí ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rí i ní ìdíkọ̀, ó ń ta omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo fẹ́ bá a wí, ẹnu mi kò gbà á. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo lọ bá bàbá rẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un pé ojú rẹ̀ ríran ju ìwé mi lọ. A fi ọ̀rọ̀ ṣọ̀kan, ọmọ náà sì padà sí kíláàsì.

Lẹ́yìn náà mo lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Mo ní, “Èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà.” Ó dákẹ́ títí, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ kò mọ̀ ni.” Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn. N kò mọ̀, mo sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ̀.” Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń yọ owó nínú owó oṣù mi fún un, kí ó tó lè padà sí ìdí ẹja yíyan.

Ọdún 2023 ni òṣùwọ̀n ọjà náà tó tún kọjá ibi tí ó dé ní ọdún 2008. Ẹni tí ó fi owó tí kò nílò ra ìpín lè dúró fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í dúró. Ebi kì í dúró. Ọmọ tí ó yẹ kí ó kàwé kì í dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní kí ẹ sá fún ìpín ìdókòwò. Ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó rà á. Ẹ má ṣe fi owó ẹ̀yáwó lé èrè tí ẹ kò rí. Bí ọjọ́ kan bá sì dé tí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé yín béèrè pé, “Ṣé kò léwu?”, tí ẹ kò sì mọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀. Èmi ìbá sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò mi ní ọjọ́ náà, owó ẹja rẹ̀ ìbá má rì.