Orín, Búrọ́ọ̀ṣì àti Wáyà Ẹnu Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní pankara kí ayé tó bá a fi kó ilẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu mi kó ilẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fúnra mi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti fi wáyà sí eyín wọ kíláàsì, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí akẹ́kọ̀ọ́ kan má dá mi dúró láti bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn kan a ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ṣé kì í dùn yín?" Àwọn mìíràn a ní, "Mà, kí ni àgbàlagbà ń fi wáyà ẹnu ṣe?" Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ jù lọ ni ti ọmọkùnrin kan tí ó wà ní ọdún kejì: "Mà, báwo ni ẹ ṣe ń fọ eyín yín pẹ̀lú irin yẹn? Ṣé ẹ ṣì lè run orín?" Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi àròkọ yìí dáhùn, nítorí pé ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ kan ẹni tí ó ní wáyà lẹ́nu, ó sì kan ẹni tí kò ní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wáyà ṣe dé ẹnu mi. Eyín ìsàlẹ̀ mi pọ̀ ju àyè tí ó wà fún wọn lọ. Wọ́n gun ara wọn bí èrò inú ọkọ̀ Súléjà ní ọjọ́ Ẹtì, oúnjẹ a sì máa há sí àárín wọn. Bí mo bá ń fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ a máa jáde láti inú èrìgì mi. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún tí eyín wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tí wọ́n sì ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé kòkòrò jẹ àwọn eyín náà. Èrìgì àti egungun tí ó dì wọ́n mú ni ó bàjẹ́. Ẹ̀rù irú èyí ni ó gbé mi láti Minna dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín kan ní Àbújá, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó yẹ ẹnu mi wò, ó ní kí a kọ́kọ́ tọ́jú èrìgì ná, lẹ́yìn náà kí a fi wáyà to àwọn eyín náà, kí búrọ́ọ̀ṣì lè máa ráyè dé ibi gbogbo. Ẹ rí i pé torí ìmọ́tótó ni mo ṣe gba wáyà. Bí wáyà náà bá wá di ohun tí ń kó ẹ̀gbin jọ sí mi lẹ́nu, a jẹ́ pé oògùn ti di àrùn nìyẹn.

Àwọn kan rò pé ńṣe ni wáyà ń fi ipá fa eyín. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń rọra ti eyín. Ní apá ibi tí ó ń tì í sí, ara a máa yọ́ egungun díẹ̀díẹ̀ kí eyín lè ráyè kọjá. Ní apá ibi tí eyín ti ń kúrò, ara a máa fi egungun tuntun dí àyè náà. Iṣẹ́ yìí kò ṣe é kánjú. Ó sábà máa ń gbà tó ọdún kan àbọ̀ sí ọdún méjì. Ọgbọ́n náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1728, Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣe àlàyé nínú ìwé rẹ̀ bí a ṣe lè so eyín mọ́ irin pẹlẹbẹ kí ó lè tò lẹ́sẹẹsẹ.

Inú màámi kò dùn nígbà tí wọ́n gbọ́. Ọ̀rọ̀ èjí ni ó ká wọn lára. Èjí wà láàárín eyín òkè mi, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lẹ́nu wọn àti lẹ́nu ìyá tí ó bí wọn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹwà ni èjí láàárín àwa Yorùbá. Láyé àtijọ́, ẹlòmíràn tí Ọlọ́run kò dá a mọ́ a máa lọ pa èjí sẹ́nu. Màámi wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ohun tí ẹlòmíràn ń fi owó wá ni ìwọ fẹ́ fi owó dí?" Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ohun tí ó sọ ọ́ di dandan kí a dí èjí. Bí mo bá fẹ́ ẹ, a ó dá a sí. Ìgbà yìí ni màámi tó fi ọwọ́ sí i. Ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ fún mi: ohun tí ń fa àìsàn ni ó yẹ kí a tún ṣe, kì í ṣe ohun tí ó yàtọ̀ sí ti inú àwòrán òyìnbó.

Ìnira tòótọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n lẹ irin kéékèèké bíi bọ́tìnì mọ́ eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi wáyà so gbogbo wọn pọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Wáyà ti la ògiri ẹnu mi. Abẹ́ wáyà àti ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì wọ̀nyí di ibi ìsápamọ́ fún oúnjẹ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ẹnu a máa jẹ ṣúgà tí ó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, wọn a sì máa mú omi kíkan jáde, èyí tí ń jẹ èèpo líle tí ó bo eyín. Àmì àkọ́kọ́ tí a ó rí ni àbàwọ́n funfun tí kò dán, bí ẹni pé a fi ẹfun tọ́ eyín náà ní ẹ̀gbẹ́ irin. Àbàwọ́n yìí kò rọrùn láti mú kúrò. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra, ní ọjọ́ tí wọ́n bá yọ wáyà, eyín rẹ̀ yóò tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò ní àmì tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Owó ti lọ, ọdún méjì ti lọ, ẹ̀rín náà kò sì ní ṣe é rín fàlàlà.

Wàyí o, ṣé mo ṣì lè run orín? N kò lè run ún mọ́ títí wáyà yóò fi kúrò, ó sì dùn mí, nítorí pé orín ni wọ́n fi tọ́ mi. Ní ilé wa, ọmọ kì í la ẹnu kí àgbà ní òwúrọ̀ kí ó tó fọ ẹnu. Mo mọ orín ata, tí í ta ni lẹ́nu títí ẹnu yóò fi kú tìpìrì. Mo mọ pákò Ìjẹ̀bù, mo mọ ti orógbó, mo sì mọ ti ewúro tí kíkorò rẹ̀ ń jí olóorun. Ní Minna níhìn-ín, ẹ̀ka dóńgóyárò tí ó wà lẹ́bàá títì ni ẹlòmíràn ń ṣẹ́ lò, àwọn Hausa sì ń di aswaki ní ìdì-ìdì fún títà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ohun àtijọ́ wo nǹkan wọ̀nyí. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ nípa egbòogi ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a sọ orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, tẹ ìwádìí wọn jáde pé omi inú àwọn orín wa ní agbára láti dojú kọ kòkòrò àìfojúrí. Abayomi Sofowora wà lára wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti gbà pé kí àwọn tí orín jẹ́ àṣà wọn máa lò ó.

Ṣùgbọ́n a kì í fi àdá ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Kí orín tó lè ṣiṣẹ́, a gbọ́dọ̀ fi eyín rún orí rẹ̀ títí yóò fi di ìhùhù. Agbára tí a fi ń rún un yìí lè ṣí bọ́tìnì kúrò lára eyín. Ìhùhù rẹ̀ a sì máa há sí wáyà, orí rẹ̀ sì nípọn ju ohun tí ó lè wọ abẹ́ irin lọ. Nítorí náà ni mo ṣe gba ọ̀dọ̀ àwọn oníbúrọ́ọ̀ṣì lọ ní ọjà Kúre.

Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí búrọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí olúkúlùkù olówò ń yin tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àwọ̀ yan búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn mìíràn gbà pé bí ó bá ṣe le tó ni yóò ṣe fọ eyín tó. Eyín kì í ṣe ìkòkò tí a ń fi kàn-ìn-kàn-ìn ha. Irun líle a máa dá ọgbẹ́ sí èrìgì, a sì máa jẹ ìdí eyín. Èyí tí irun rẹ̀ rọ̀ ni kí a rà, kí orí rẹ̀ sì kéré kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn eyín ẹ̀yìn. Ìyàn pọ̀ fún wa nínú èyí ju fún àwọn ará àtijọ́ lọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nylon ṣe irun búrọ́ọ̀ṣì ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938, irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń lò jù. Irú kan wà tí wọ́n ṣe fún àwa oníwáyà: irun àárín rẹ̀ kúrú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ó sì ń jókòó lé wáyà bí gàárì lé ẹ̀yìn ẹṣin. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí i kò pàdánù. Búrọ́ọ̀ṣì lásán tí ó rọ̀, tí a lò dáadáa, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí n kò lè ṣe aláìní ni búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí ó dà bí èyí tí a fi ń fọ ìgò omi ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n tí kò sanra tó igi ìṣáná. Òun ni ó ń wọ abẹ́ wáyà láàárín bọ́tìnì méjì. Ní ti ọṣẹ ìfọyín, mo máa ń wò ó bóyá fluoride wà nínú rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń fún èèpo eyín ní agbára, mo sì máa ń wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀. N kì í lo èédú lílọ̀. Ó ń ha eyín, a sì máa sá pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ irin.

Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyí. N ó kọ́kọ́ fi omi ṣan ẹnu kí oúnjẹ tí ó há lè kúrò. N ó tẹ búrọ́ọ̀ṣì díẹ̀ kí irun rẹ̀ lè kọjú sí ibi tí eyín ti pàdé èrìgì, n ó rọra yí i po níbẹ̀. Lẹ́yìn náà òkè bọ́tìnì, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀ bọ́tìnì, lẹ́yìn náà ojú bọ́tìnì fúnra rẹ̀. N ó fọ ẹ̀yìn eyín, n ó fọ ibi tí a fi ń jẹun, n ó fọ ahọ́n, kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ife omi kan tó fún gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà kò ní àwáwí. Ti alẹ́ ṣe pàtàkì jù, nítorí pé itọ́ tí ń ṣan ẹnu wa lọ́sàn-án a máa dínkù bí a bá sùn. Bí irun búrọ́ọ̀ṣì bá ti fẹ́ síta, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Kì í pé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ oníwáyà.

Oúnjẹ náà ní òfin tirẹ̀. Kúlíkúlí, ìrèké, gúgúrú àti kílíṣí tí ó gbẹ ti di ohun tí mo ń fi ojú kí lásán. Bí mo bá fẹ́ jẹ àgbàdo, ọ̀bẹ ni mo fi ń gé e kúrò lára ṣùkù. Fùrá rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀tá tí ó rẹ́rìn-ín múṣẹ́ ni.

Ohun tí ó wá jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi nìyí. Nígbà tí mo fi aago wo ara mi, mo rí i pé ìdí tí eyín àwọn àgbà mìíràn fi dúró kì í ṣe omi inú orín nìkan. Ẹni tí ń run orín kì í kánjú. Màámi a fi orín sẹ́nu láti ìgbà tí wọ́n bá jí. Wọn a gbálẹ̀, wọn a da oúnjẹ fún adìyẹ, orín yóò sì máa lọ láti eyín kan dé èkejì. Àwa tí ń lo búrọ́ọ̀ṣì ńkọ́? A ó kan fi í gba ẹnu kọjá bí ẹni pé ẹnìkan ń lé wa, ìṣẹ́jú kan kì í pé. Búrọ́ọ̀ṣì tí a gbà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n a gbàgbé láti kó sùúrù orín wá sínú rẹ̀. Èyí ni ìyàn tí ó ju ìyàn ọjà lọ. Owó gọbọi ni a lè fi ra búrọ́ọ̀ṣì. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí wáyà ń bèèrè kò sí ní ọjà Kúre, ọwọ́ ẹni ni ó ti ń wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ ó tẹ́sẹ̀ bọ iṣẹ́ láìpẹ́ ní Bidà, ní Kọ̀ntàgórà, ní Súléjà àti ní àwọn abúlé tí kò ní dókítà eyín rárá. Àwọn ọmọ tí ẹ ó máa kọ́ kò ní ní wáyà lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn yóò ní eyín. Ẹ má ṣe fi orín ọwọ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wọ́n rò pé búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ni ó ń fọ eyín. Ẹ kọ́ wọn ní sùúrù tí ó wà nínú méjèèjì. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun. Bí ó bá sì mọ ẹnu fọ̀, eyín rẹ̀ yóò bá a dé ọjọ́ ogbó.